Palmer: Oko tí oòrùn kì í tètè wọ̀

Ní Palmer, ní Alaska ilẹ̀ Amẹ́ríkà, oòrùn ń wà lójú ọ̀run fún nǹkan bíi wákàtí 19 lóòjọ́ nínú oṣù kẹfà. Ìjọba kó ìdílé 203 lọ síbẹ̀ lọ́dún 1935 láti dáko. Ọ̀pọ̀ wọn ni kò lè fara dà á. Ìmọ́lẹ̀ yìí ni kábéèjì ibẹ̀ ń jẹ: lọ́dún 2012, ẹyọ kan tẹ̀wọ̀n ju kìlógíráàmù 62 lọ. Àpò sìmẹ́ǹtì kò tó bẹ́ẹ̀!

Ṣùgbọ́n a kì í fi kábéèjì yáná. Ìdí rèé tí bàbá, ìyá àtọmọ fi ń la igi títí ilẹ̀ fi ń ṣú, kó lè gbẹ kí yìnyín tó bẹ̀rẹ̀. Ó tún ku ọgbà tí moose, ẹranko tó tóbi bí ẹṣin, wó lulẹ̀, àti òrùlé ilé adìẹ. Oṣù kẹsàn-án ni òtútù ń padà dé.