Ojú irin ìlú olókè

Àpáta ni Ṣábẹ̀ẹ́ fi ń kí àlejò káàbọ̀. Kí ènìyàn tó wọ ìlú ni yóò ti máa wo àwọn òkè ńláńlá tí wọ́n dá dúró lórí pẹ̀tẹ́lẹ̀, èyí tí àwọn Faransé sọ ní Mamelles de Savè. Ìtòsí àwọn òkè wọ̀nyí ni ojú irin gbà kọjá láti Kùtọnu lọ sí Pàràkú. Nígbà tí àwa olùkọ́ bá ń kọ́ àwọn ọmọ nípa ilẹ̀ wọn, ìbéèrè kan kì í wọ́n lẹ́nu wọn: kí ló dé tí ojú irin náà kò gun òkè?

Irin fúnra rẹ̀ ni ìdáhùn. Ẹsẹ̀ ọkọ̀ náà jẹ́ irin, orí irin ni ó sì ń yí. Irin lórí irin a máa yọ̀. Èyí ni ó jẹ́ kí ẹ̀rọ kan ṣoṣo lè fa ẹrù tí yóò gba ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀ akẹ́rù. Èyí náà ni kò sì jẹ́ kí ó lè gun ibi tí ó dà gẹ̀rẹ́ jù. Bí ọ̀nà bá ń ga ní mítà 3 nínú 100, ọkọ̀ tí ó fẹ́ gòkè 30 mítà gbọ́dọ̀ rin 1,000 mítà. Níbi tí àfonífojì bá ti há, tí kò sí àyè fún irú ọ̀nà gígùn bẹ́ẹ̀, àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ a ká ojú irin bí ìkarahun ìgbín: ọ̀nà a yí po, a sì kọjá lórí ara rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ní Brusio, ní ilẹ̀ Suisse, lójú irin Bernina tí wọ́n parí ní 1910. Afárá olókùúta tí ó ní ihò mẹ́sàn-án ni ó gbé ojú irin yí po níbẹ̀. Láti àárín ìyípo náà dé ojú irin kò ju 70 mítà lọ, ọ̀nà sì ń ga ní mítà 7 nínú 100. Ojú irin Darjeeling, ní ilẹ̀ Íńdíà, tí wọ́n parí ní 1881, náà ní irú ìyípo bẹ́ẹ̀. UNESCO ti ka méjèèjì mọ́ ogún gbogbo ayé: Darjeeling ní 1999, Bernina ní 2008.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Àwọn òkè tiwa kò so mọ́ra wọn bí ti Suisse. Pẹ̀tẹ́lẹ̀ wà láàárín wọn, ojú irin sì rí ibi yà sí. Síbẹ̀, ìbú ojú irin tiwa àti ti Bernina dọ́gba: mítà kan ni láti irin kan sí èkejì. Ojú irin tí kò fẹ̀ púpọ̀ a máa rọrùn láti tẹ̀ ní kọ̀rọ̀, ilẹ̀ tí a ó wà fún un kò sì pọ̀.

Ní 1900 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Kùtọnu. Ní 1911 ni ojú irin dé Ṣábẹ̀ẹ́, ibẹ̀ ni ó sì dúró sí fún ohun tí ó lé ní ogún ọdún. Ẹrù tí ń lọ sí àríwá, ọ̀dọ̀ wa ni ó ti ń sọ̀ kalẹ̀. Ní 1936 ni ó tó dé Pàràkú, tí gbogbo rẹ̀ fi jẹ́ 438 kìlómítà. Kì í ṣe ìfẹ́ inú ni ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ fi lọ la ọ̀nà náà; ìjọba amúnisìn ní kí àwọn baálẹ̀ fi ọmọkùnrin abúlé wọn sílẹ̀. Ní 1959 ni wọ́n dá OCBN sílẹ̀, tí ilẹ̀ wa àti Niger jọ ni ín.

Lónìí, koríko ti ń bo irin. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ wa kò rí ọkọ̀ ojú irin akérò rí láyé wọn. Ohun tí ó dun wá jù kì í ṣe irin tí ń dípẹtà. Brusio ní afárá tí àlejò lè yà ní fọ́tò. Ìtàn tiwa, ẹnu àwọn àgbà ni ó wà. Àwọn tí wọ́n tún irin ṣe, àwọn tí wọ́n fọn fèrè, àwọn ìyá tí wọ́n gbé oúnjẹ dé ojú fèrèsé ọkọ̀, ọjọ́ ń lọ lórí wọn. Ẹni tí ó bá sì lọ, ti lọ pẹ̀lú tirẹ̀.

Nítorí náà ni a ṣe ń rọ ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ wa pé kí ẹ tọ àgbà kan lọ nínú ilé yín nígbà ìsinmi. Ẹ bi í pé: ta ni ó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ nínú ìdílé wa? Kí ni wọ́n ń rù, kí ni wọ́n ń tà? Orúkọ wo ni wọ́n ń pe ohun èlò kọ̀ọ̀kan? Ẹ kọ ọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́, ní èdè Ṣábẹ̀ẹ́, kí ẹ tó túmọ̀ rẹ̀ sí Faransé. Kò ní ná wa ní owó afárá, ìwé àti gègé ni yóò gbà. Ṣùgbọ́n kò lè dúró de ọdún mẹ́wàá mìíràn.