Ìwé Wo Ni Àwa Náà Ní?

Àwọn baba wa máa ń wí pé ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ẹlòmíràn ni mo ti máa ń pa òwe yìí fún tẹ́lẹ̀. N kò mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí òwe náà yóò padà wá bá mi nínú ilé ara mi.

Märkisches Viertel ni à ń gbé, ní ìhà àríwá Berlin. Láàárín ọdún 1963 sí 1974 ni wọ́n kọ́ àdúgbò náà, ibùgbé tí ó wà níbẹ̀ sì tó nǹkan bí 17,000. Ẹ̀yin tí ẹ ti débẹ̀ rí yóò mọ ilé gígùn kan tí àwọn ará àdúgbò ń pè ní Langer Jammer, èyí tí a lè pè ní Ìráhùn Gígùn ní èdè tiwa. Níbi tí èrò pọ̀ tó báyìí, kò sí ẹ̀yà tí ènìyàn kò lè bá pàdé lórí àtẹ̀gùn. Báyìí ni a ṣe mọ ìyá àgbà kan, ará Rọ́ṣíà, tí wọ́n ń gbé lókè wa. Ọmọbìnrin mi, ẹni ọdún 12, a máa gòkè lọ kí wọn ní ọ̀sán Sátidé, àwọn náà a sì máa ṣí ìwé ńlá kan fún un, èyí tí a kó àwòrán inú àwọn ìwé àtìgbàdégbà àtijọ́ ti Rọ́ṣíà jọ sí.

Mo bá wọn jókòó níbẹ̀ nígbà díẹ̀, mo sì gbọ́ ìtàn náà. Ní ìparí ọdún 1898, ní ìlú St. Petersburg, Sergei Diaghilev, Alexandre Benois àti àwọn ọ̀rẹ́ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìwé kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Mir Iskusstva, èyíinì ni Ayé Iṣẹ́-ọnà. Wọ́n ní ẹwà tó nǹkan tí ènìyàn lè torí rẹ̀ ṣiṣẹ́, wọ́n sì ń fi iṣẹ́ ọwọ́ àwọn baba ńlá wọn àti iṣẹ́ tuntun ilẹ̀ òkèèrè hàn pọ̀ nínú ìwé kan náà. Kì í ṣe ìwé nìkan ni. Wọ́n ń ṣe ìpàtẹ àwòrán, àwọn ayàwòrán sì péjọ yí i ká títí ó fi di ẹgbẹ́ tí à ń fi orúkọ ìwé náà pè. Ìwé kásẹ̀ nílẹ̀ ní 1904, ṣùgbọ́n láti inú agbo yìí kan náà ni Diaghilev ti mú àwọn oníjó rẹ̀ jáde lọ sí ìlú Paris ní 1909.

Nígbà tí ìjọba dojú dé ní Rọ́ṣíà ní 1917, ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn sá wá sí Berlin yìí. Láàárín 1921 sí 1926, wọ́n tẹ ìwé ẹlẹ́wà kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Zhar-ptitsa, orúkọ ẹyẹ oníná inú àlọ́ wọn. Ní 1922, El Lissitzky àti Ilya Ehrenburg tẹ òmíràn, Veshch, ní èdè mẹ́ta: ti Rọ́ṣíà, ti Jámánì àti ti Faransé. Ẹ kíyè sí i: nínú àjò ni wọ́n wà, síbẹ̀ wọn kò jẹ́ kí èdè wọn kú sí ẹnu.

Ní ọjọ́ kan, ìyá àgbà náà bi ọmọ mi pé, "Ẹ̀yin ńkọ́? Ìwé wo ni ẹ̀yin ní?" Ọmọ mi dáhùn pé, "Àwa kò ní. Ìlù àti orin ni tiwa." Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìtìjú tàbí ìbínú. Ńṣe ni ó sọ ọ́ bí ẹni tí ó ń sọ pé òjò ń rọ̀ níta. Mo wà lórí ìjókòó níbẹ̀, èmi tí a bí ní Òṣogbo, n kò sì rí ọ̀rọ̀ kan fọ̀. Mo mọ ìdáhùn, ṣùgbọ́n n kò sọ ọ́ fún un rí láti ìgbà tí mo ti bí i. Ẹ̀bi ta ni?

Ẹ jẹ́ kí n sọ fún ẹ̀yin náà ohun tí mo padà sọ fún un ní alẹ́ ọjọ́ náà.

Ní oṣù September 1957, ìwé àtìgbàdégbà kan jáde ní Ìbàdàn, tí a sọ ní Black Orpheus. Àwọn méjì tí wọ́n dá a sílẹ̀, Ulli Beier àti Janheinz Jahn, ọmọ Jámánì ni wọ́n. Ní 1922, ọdún tí Veshch jáde ní Berlin, ni a bí Beier. Berlin ni ó ti lo ìgbà èwe rẹ̀ kí àwọn òbí rẹ̀ tó kó o sá lọ sí Palestine ní 1933, nítorí pé Júù ni baba rẹ̀. Ní 1950 ó wá ṣe olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí ó wà ní Ìbàdàn. Àwọn àgbà ní àjòjì lójú, kò fi ríran. Èyí fi tirẹ̀ ríran. Ó tilẹ̀ ń fi orúkọ Ṣàngódáre Àkànjí kọ nǹkan sínú ìwé náà. Susanne Wenger, ọmọ ilẹ̀ Austria tí Òṣogbo mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà, ni ó ṣe ọnà sí èèpo ẹ̀yìn àwọn àkọ́kọ́ rẹ̀. Ewì, ìtàn àti àròkọ nípa iṣẹ́-ọnà àwọn aláwọ̀ dúdú láti Áfíríkà, Amẹ́ríkà àti àwọn erékùṣù Karíbíà ni ó kún inú rẹ̀. Wọlé Ṣóyinká àti Ezekiel Mphahlele bá Beier ṣe olóòtú; lẹ́yìn tí Beier kúrò ní Nàìjíríà ní 1966, ó bọ́ sí ọwọ́ J. P. Clark àti Abíọ́lá Ìrèlé. Ó kásẹ̀ nílẹ̀ ní 1975.

Bíi ti Rọ́ṣíà, ìwé náà kò dá rìn. Ní 1961, ẹgbẹ́ àwọn òǹkọ̀wé àti oníṣẹ́-ọnà kan bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn. Chinua Achebe ni ó fún un ní orúkọ Mbari, ọ̀rọ̀ Ìgbò. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, Dúró Ládiípọ̀ sọ ilé tirẹ̀ ní Òṣogbo di irú ibẹ̀. Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ: àwọn ará Òṣogbo kò gbọ́ Ìgbò, ni wọ́n bá sọ ọ́ di Mbárí Mbáyọ̀, bí mo bá rí i, ǹ bá yọ̀. Ibẹ̀ ni Denis Williams àti Georgina Beier ti ṣí ibi ìkọ́ṣẹ́ fún àwọn ọ̀dọ́ tí ọ̀pọ̀ wọn kò ka ìwé púpọ̀. Jimoh Buraimoh ń tọ́jú iná fún àwọn òṣèré Ládiípọ̀ kí ó tó di ẹni tí ń fi ìlẹ̀kẹ̀ ya àwòrán. Oníjó ni Twins Seven-Seven. Ní 1964, eré Ọba Kò So ti Ládiípọ̀ dé Berlin níbí, nígbà tí wọ́n ṣì ń kọ́ àdúgbò tí mò ń gbé lónìí.

N kò fi ibi tí ó kù sí pa mọ́ fún ọmọ mi. Owó ni ìwé fi ń rìn. Nígbà tí olówó kan tí ń ran Mir Iskusstva lọ́wọ́ bọ́ sínú gbèsè, ọba Rọ́ṣíà ni ó gbà á. Àjọ kan láti òkèèrè ni ó ń ran Mbari àti Black Orpheus lọ́wọ́. Ní 1967 ó wá hàn gbangba pé ọ̀dọ̀ àwọn amí ìjọba Amẹ́ríkà, CIA, ni owó àjọ náà ti ń wá. Ó dun ọ̀pọ̀ àwọn òǹkọ̀wé náà, nítorí wọn kò mọ̀. Ibi kejì ni èdè. Gẹ̀ẹ́sì ni Black Orpheus fi ń sọ̀rọ̀. Bí oríkì wa bá tilẹ̀ wọ inú rẹ̀, aṣọ Gẹ̀ẹ́sì ni ó ń wọ̀. Àwọn tí ó jáde ní èdè wa wà, bí Olókun àti Aworẹrin tí àwọn òbí wa kà ní ilé-ìwé. Ẹ̀dà kan ṣoṣo nínú wọn kò sí nínú ilé mi.

Ọmọ mi fẹ́ gbọ́ láti ẹnu ẹni tí ọ̀rọ̀ ṣe ojú rẹ̀. Mo pe ìyá mi ní Òṣogbo lórí tẹlifóònù. Ọmọge ni wọ́n nígbà náà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ bí Ládiípọ̀ ṣe fi irun dídì jáde bí Ṣàngó, tí iná ń yọ lẹ́nu rẹ̀, tí àwọn ọmọdé sì fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Inú wọn dùn, ohùn wọn ń lọ sókè. Ọmọ mi kọjú sí mi, ó ní, "Kí ni wọ́n sọ?"

Mo ń túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Jámánì díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé ibi tí wọ́n ti ń ki Ṣàngó, mo dákẹ́. N kò ní ohun tí mo lè fi rọ́pò rẹ̀. Ìyá mi ń rẹ́rìn-ín lọ́hùn-ún, wọ́n rò pé ọmọ-ọmọ wọn ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Ọmọ náà ń dúró dè mí. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé bí a tilẹ̀ rí gbogbo Black Orpheus rà wálé, ìyẹn kọ́ ni ohun tí ó ń sọnù lọ́wọ́ wa.

Ohun tí a ṣe kò tó nǹkan. Ní òpin oṣù kọ̀ọ̀kan, ìyá mi a sọ ìtàn kan, èmi a kọ ọ́ sílẹ̀ ní Yorùbá pẹ̀lú àmì ohùn, ọmọ mi a ya àwòrán rẹ̀, a ó sì kọ́ ọ kí ó lè kà á sókè padà fún ìyá mi. Àkọ́kọ́ rẹ̀ jẹ́ ojú ìwé mẹ́rin, tí a fi abẹ́rẹ́ àti òwú rán pọ̀. Ó ṣì ń kọsẹ̀ lórí ẹ àti ẹ́, ṣùgbọ́n ìyá mi gbọ́ ohun tí ó kà, wọ́n sì tún ibi kan ṣe fún un.

Ẹ̀yin òbí, ẹ má ṣe dúró de ìjọba tàbí ọlọ́lá kan. Ìwé bébà kan tó fún ìbẹ̀rẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí ẹni tí yóò sọ ìtàn ṣì wà láyé. Ní Sátidé tí ó kọjá, ọmọ mi mú ìwé wa gòkè lọ bá ìyá ará Rọ́ṣíà. Wọ́n bi í pé kí ni orúkọ rẹ̀. Ó ní, "Mbárí Mbáyọ̀," ó sì jókòó láti sọ ìtumọ̀ rẹ̀ fún wọn.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ilé wa di èyí tí ọmọ wa yóò gbé tà. Àṣẹ.