Àbúrò Mi, Má Ná Gbogbo Owó Rẹ Tán Sórí Mọ́tò

Winnipeg, Manitoba,
Kánádà.
9 Oṣù Kẹsàn-án, 2024.

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

    Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé físà yín ti jáde.

Ọ̀rọ̀ mọ́tò tí a jọ sọ lórí fóònù ló mú mi kọ lẹ́tà yìí. O ní gbàrà tí ẹ bá ti dé lóṣù Kọkànlá, gbogbo owó tí o kó jọ lo máa fi ra mọ́tò kan tó jọjú. Jọ̀wọ́, má ṣe bẹ́ẹ̀. Ra èyí tí owó rẹ̀ mọ níwọ̀n, kí o fi ìyókù múra rẹ̀ sílẹ̀ de òtútù. Lóṣù Kìíní, ìlú yìí máa ń tutù dé ìwọ̀n Celsius 30 nísàlẹ̀ òdo. Mọ́tò tí kò bá gbaradì, bó ti wù kó máa dán tó, ewu ló jẹ́ fún ìwọ àti àwọn ọmọ. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde: láti Ìbàdàn ni kí o ti pín owó náà.

Táyà ni kí o kọ́kọ́ yọ owó rẹ̀ sọ́tọ̀. Bí ojú ọjọ́ bá ti tutù ju ìwọ̀n 7 lókè òdo lọ, rọ́bà táyà tí à ń lò nílé á bẹ̀rẹ̀ sí í le, kò sì ní di ilẹ̀ mú dáadáa mọ́. Rọ́bà táyà ìgbà òtútù kì í le bẹ́ẹ̀. Wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí o tó sanwó: àwòrán òkè olórí ṣóńṣó mẹ́ta gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, pẹ̀lú yìnyín nínú rẹ̀. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni kí o rà. Bí o bá fi méjì síwájú nìkan, ìdí mọ́tò lè yọ̀ kó sì gbé ọ yí po lójú títì. Ní ìpínlẹ̀ Quebec, òfin sọ táyà ìgbà òtútù di dandan láti 1 Oṣù Kejìlá títí di 15 Oṣù Kẹta. Òfin kò fi mú wa ní Manitoba, ṣùgbọ́n Manitoba Public Insurance, ilé iṣẹ́ adójútòfò ti ìjọba, ní ètò tí wọ́n fi ń yá onímọ́tò lówó táyà yìí. Máa wọn atẹ́gùn rẹ̀ lóṣooṣù pẹ̀lú, torí òtútù máa ń mú un dínkù.

Lẹ́yìn táyà, ẹ́ńjìnnì ló kàn. Òtútù ń sọ bátìrì di aláìlágbára ní àkókò gan-an tí ẹ́ńjìnnì nílò agbára rẹ̀ jù, nítorí náà jẹ́ kí mẹkáníìkì yẹ̀ ẹ́ wò kí yìnyín tó bẹ̀rẹ̀. Ọ́ìlì 20W-50 tí a mọ̀ nílé á ki bí ẹ̀kọ tó ti tutù. 0W tàbí 5W tí ìwé mọ́tò bá sọ ni kí o lò. Bí o bá rí mọ́tò tí orí wáyà iná yọ jáde níwájú rẹ̀, inú rẹ ni kó dùn: ohun tó ń mú ẹ́ńjìnnì gbóná ló wà nínú rẹ̀. A máa ń so wáyà náà mọ́ iná lóru, kí mọ́tò lè jí láàárọ̀. Bi ẹni tó ń tà á bóyá ó ṣì ń ṣiṣẹ́.

Má ṣe bu omi lásán sínú rédíétọ̀ láéláé. Bí omi bá dì, ṣe ló máa ń fẹ̀, ó sì lè la ẹ́ńjìnnì. Kúlántì tí a fi omi lù ní ìdajì-ìdajì lè fara da nǹkan bí ìwọ̀n 37 nísàlẹ̀ òdo. Omi tí wáípà ń lò náà, èyí tí kì í dì ni kí o rà. Má sì da omi gbígbóná sí gíláàsì tí yìnyín bò, ó lè sán.

Jẹ́ kí bùláńkẹ́ẹ̀tì, ṣọ́bìrì, tọ́ọ̀ṣì, iyanrìn díẹ̀ àti oúnjẹ wà nínú búùtù, má sì jẹ́ kí epo lọ sílẹ̀ ju ìdajì táńkì lọ. Bí yìnyín bá há yín mọ́ ojú ọ̀nà lẹ́yìn ìlú, ẹ dúró sínú mọ́tò. Kí o tó tan ẹ́ńjìnnì, kọ́kọ́ gbá yìnyín kúrò lẹ́nu sàléńsà, torí èéfín tó bá padà wọlé lè pa gbogbo yín láìjẹ́ pé ẹ gbọ́ òórùn kankan. Tàn án fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, kí o sì ṣí fèrèsé díẹ̀.

Má sanwó fún ẹnikẹ́ni kí o tó fi fọ́tò ẹ̀gbẹ́ táyà àti iwájú mọ́tò náà ránṣẹ́ sí mi. Èmi fúnra mi á bá ọ gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Kí Ọlọ́run mú yín gúnlẹ̀ láyọ̀.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n rẹ.