A Pe Ìkìlọ̀ ní Afẹ́fẹ́ Inú

Bí a ti ń dúpẹ́ fún àyájọ́ ilé ẹ̀kọ́ wa, ẹnì kan wà nínú kíláàsì wa tí kì yóò dáhùn mọ́ bí a bá pe orúkọ. Ó ti sùn nínú Olúwa, ọwọ́ wa kò sì mọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà.

Festac Town ni àwa méjèèjì ń gbé, nínú àwọn ilé tí ìjọba kọ́ nítorí àjọ̀dún àṣà ọdún 1977. Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́ Ìsinmi kan, ó wá kí wa. Bí ó ti gun àtẹ̀gùn dé òkè, ó jókòó, ó di àyà mú. Ó ní ó dà bí ẹni pé a gbé ọlọ lé òun láyà, ìrora náà sì ń wọ apá òsì àti àgbọ̀n lọ. Òógùn tútù bò ó. Ìyá ilé wa ní kí a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Àwa ni a ní, “Ọ̀rẹ́, afẹ́fẹ́ inú ni.” A bu omi gbígbóná fún un, a gbàdúrà, a sìn ín sílé. Ilẹ̀ kò mọ́ bá a.

Ara líle rẹ̀ ni ó tàn wá, nítorí agbábọ́ọ̀lù ilé ẹ̀kọ́ wa ni. A ti gbàgbé Samuel Okwaraji, ẹni ọdún 25, tí ó ṣubú lórí pápá ní Surulere ní ọjọ́ 12, oṣù kẹjọ, ọdún 1989, nígbà tí Nàìjíríà ń bá Angola gbá bọ́ọ̀lù. Àìsàn ọkàn tirẹ̀ yàtọ̀ sí èyí, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ kan náà ni.

Bí ẹ̀jẹ̀ dídì bá dí iṣan tí ń bọ́ ọkàn, ẹran ara ọkàn a bẹ̀rẹ̀ sí kú. Àmì rẹ̀ ni ìfúnpọ̀ àárín àyà tí ó ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ, tàbí tí ń lọ tí ń bọ̀. Ìrora apá, ẹ̀yìn, ọrùn tàbí àgbọ̀n. Èémí kúkúrú, èébì àti òòyì. Ẹ̀yin ìyá wa, àti ẹ̀yin tí ẹ ní àtọ̀gbẹ, àyà lè má dùn yín rárá. Àárẹ̀ tí kò nídìí lè jẹ́ gbogbo ìkìlọ̀.

Àìtètè mólè, olè ń mólóko. Ní Èkó, ẹ pe 767 tàbí 112. Ẹ má jẹ́ kí aláìsàn wa ọkọ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ gbàdúrà, àdúrà dára; ṣùgbọ́n inú ọkọ̀ tí ń lọ sí ilé ìwòsàn ni kí ẹ ti gbà á.