Owó Àná

Ọwọ́ mi ni àdánù Alhaja ti wá. Wọ́n ń ta sìmẹ́ńtì ní Mowe, Ibafo àti Ifo, èmi ni mo sì kọ ètò kọ̀ǹpútà tí àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀bù wọn fi ń tẹ rìsíìtì.

Python ni mo fi kọ ọ́. Kíláàsì kan ló di ọjà mú: iye tí wọ́n rà á, owó ọkọ̀, èrè. Iye títà kò sí níbẹ̀, ara àwọn yòókù la ti ń ṣírò rẹ̀. @property ni mo fi lé orí ìṣirò náà. Láti Python 2.4, ọdún 2004, ni àmì @ yẹn ti wà. Ìlà kan péré, wàá kàn kọ oja.iye_tita láìsí àkámọ́, bí ẹni mú nǹkan tó wà nílẹ̀. Gbogbo ìgbà tí o bá sì béèrè ló ń ṣírò lọ́tun.

Ó yẹ kí n dúró síbẹ̀. Àmọ́ rìsíìtì ń falẹ̀, mo bá fi cached_property rọ́pò rẹ̀, èyí tó wọ functools ní Python 3.8. Ìyẹn á ṣírò lẹ́ẹ̀kan, á fi èsì pamọ́ sínú ọjà náà fúnra rẹ̀, ó parí. Mi ò bi ara mi pé bí iye tí wọ́n rà á bá yí padà ńkọ́.

Ó yí padà. Ní oṣù Kejì ọdún 2024, àpò sìmẹ́ńtì kan kọjá ₦10,000 ní ọ̀pọ̀ ibi. Gbogbo ìgbà tó bá ti lé sí i ni Alhaja ń tẹ iye tuntun wọlé, ètò sì ń gbà á, ṣùgbọ́n iye títà àtijọ́ ló ń jáde lórí rìsíìtì. Ifo nìkan ló ń tà á bó ṣe yẹ: iná kì í dúró níbẹ̀, àràárọ̀ ni wọ́n ń tún ètò náà ṣí, gbogbo ohun tó fi pamọ́ á sì ti pa rẹ́. Mowe àti Ibafo ní ínfátà. Wọn kì í pa kọ̀ǹpútà.

Alhaja pè mí. “Ọmọ mi, ṣé sìmẹ́ńtì Ifo yàtọ̀ sí ti Mowe ni?”

Ẹnu mi wọhò. Owó tí wọ́n tà kò lè ra ọjà mìíràn dípò.

Mo dá a padà sí @property lọ́jọ́ náà. Ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wá wo ohun tó ń fa ìfalẹ̀. Kì í ṣe ìṣirò rárá: ètò mi ló ń ka odindi fáìlì rìsíìtì àtijọ́ látìbẹ̀rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tó bá fẹ́ tẹ tuntun. Alhaja ò béèrè kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi. Mo ṣì ń san án fún wọn, díẹ̀díẹ̀, lóṣooṣù.