Ọrun Fáyólìn Tí Orúkọ Ńlá Wà Lára Rẹ̀

Ọrun fáyólìn, ọ̀pá onírun ẹṣin tí ẹ̀gbọ́n bàbá mi rà ní Lọ́ńdọ̀nù, ló fẹ́ dá ìjà sílẹ̀ nínú ẹbí wa lẹ́yìn ikú wọn. "TOURTE" ló wà lára igi rẹ̀. Àwọn kan sì ti ń pín owó tí ẹnikẹ́ni kò tíì rí.

Ẹ gbọ́ ná! Ọ̀gá ni François Xavier Tourte ti ìlú Párísì, ẹni tó kú ní 1835, ṣùgbọ́n kì í sábà tẹ orúkọ sára iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn oníṣẹ́ Markneukirchen ní Jámánì ni wọ́n ń tẹ orúkọ náà sára ọjà wọn. "GERMANY" sì wà lára tiwa, irú àmì tó wọ́pọ̀ lẹ́yìn òfin ọjà tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní 1887.

Mo ní kí wọ́n fi orúkọ sílẹ̀, kí wọ́n wo igi. Ṣé pernambuco ilẹ̀ Bùràsílì ni? Ṣé fàdákà gidi ni irin ìdí rẹ̀? Ṣé orí rẹ̀ kò sán? Nítorí orí tó bá ti sán, àní bí a tún un ṣe, ó ti ba owó jẹ́. Tiwa kò sán rárá. Inú mi dùn sí ìyẹn. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ṣì ń fa ojú ro.