Ọkọ̀ Ti Òkun Bọ̀, Ìtàn Rẹ̀ Kò Bá A Bọ̀

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n. Ẹni tí ó bá ti gbọ́ pé ogun ń bọ̀ yóò ti wá ibi forí pamọ́ sí kí ogun tó wọ̀lú. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá dúró létí òpópónà Èkó sí Ìbàdàn ní àsìkò ọdún Kérésìmesì, tí ó sì bi àwọn tí ọkọ̀ ìdílé wọn dákú sójú ọ̀nà léèrè ohun tí ó ṣẹlẹ̀, ọ̀rọ̀ kan náà ni yóò máa gbọ́ lẹ́nu wọn: "Lójijì ni." Lójijì ni gíà kò gbé ọkọ̀ mọ́. Lójijì ni nǹkan dún gbàgà lábẹ́ ọkọ̀, tí ọ́ìlì sì ya sílẹ̀ bí omi. Bàbá, ìyá, àwọn ọmọ, ìyá àgbà àti ẹrù ọdún, gbogbo wọn a wà nínú oòrùn, wọn a máa na ọwọ́ sí ọkọ̀ tí kò ní dúró.

Ọ̀rọ̀ náà, "lójijì", yẹ ní yíyẹ̀wò, nítorí pé ó máa ń bo ohun púpọ̀ mọ́lẹ̀. Bí igi ńlá bá wó lọ́jọ́ kan, ó ṣeé ṣe kí ikán ti máa jẹ ẹ́ nínú láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Wíwó rẹ̀ nìkan ni ó bá ènìyàn lójijì. Ikán ti wà lẹ́nu iṣẹ́ tipẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ gíà ọkọ̀ ìdílé rí lọ́pọ̀ ìgbà.

Kí ọ̀rọ̀ yìí tó lè yé akẹ́kọ̀ọ́, ó yẹ kí ó kọ́kọ́ mọ iṣẹ́ tí gíà àti difẹrẹ́ńṣà ń ṣe. Ẹ́ńjìnì ní agbára, ṣùgbọ́n gíà ni ó ń pín agbára náà bí ó ti yẹ. Nígbà tí ọkọ̀ bá ń gbéra tàbí tí ó bá ń gun òkè, gíà a fún táyà ní agbára púpọ̀ àti eré díẹ̀. Nígbà tí ọ̀nà bá tẹ́jú, a fún un ní eré. Nínú gíà ọtọmátíìkì, ọ́ìlì ni ẹ̀jẹ̀ tí ń ṣàn nínú iṣan rẹ̀. Ọ́ìlì ni ó ń ti àwọn ẹ̀yà inú rẹ̀ kí wọ́n lè di ara wọn mú, òun ni ó ń gbé ooru jáde, òun náà ni kì í jẹ́ kí irin ha irin.

Difẹrẹ́ńṣà ní tirẹ̀ ni ó ń jẹ́ kí táyà méjì lè yí ní ìwọ̀n tí kò dọ́gba. Ẹni tí ó bá ti wo àwọn akẹ́kọ̀ọ́ níbi tí wọ́n ti ń yan lọ́jọ́ òmìnira yóò mọ ìdí rẹ̀. Bí ìlà wọn bá dé kọ́nà, àwọn tí ó wà ní inú kọ́nà a fẹ́rẹ̀ẹ́ máa tẹ ẹsẹ̀ lójú kan, àwọn tí ó wà lóde a sì máa gbé ẹsẹ̀ gbọ̀ọ̀rọ̀. Bí gbogbo wọn bá ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ kan náà ni àwọn yóò fi yan, ìlà a dàrú. Bí ọkọ̀ bá ń yà sí kọ́nà, táyà òde a rìn jìnnà ju táyà inú lọ. Difẹrẹ́ńṣà ni kì í jẹ́ kí ìlà dàrú. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ìdílé tí a ń pè ní minivan, táyà iwájú ni ẹ́ńjìnì ń yí, nítorí náà inú ilé irin kan náà ni gíà àti difẹrẹ́ńṣà jọ ń gbé. Bí ọ̀kan bá fọ́, àfọ́kù rẹ̀ kò ní pẹ́ dé ọ̀dọ̀ èkejì.

Ilẹ̀ Amẹ́ríkà, níbi tí irú ọkọ̀ yìí ti di ọkọ̀ àwọn òbí ọlọ́mọ wẹ́wẹ́, ni ẹ̀rí ọ̀rọ̀ yìí ti pọ̀ jù. Ilé-iṣẹ́ Chrysler gbé Dodge Caravan àti Plymouth Voyager jáde gẹ́gẹ́ bí ọkọ̀ ọdún 1984, ọjà wọn sì tà wàràwàrà. Nígbà tí ó di ti ọdún 1989, wọ́n mú gíà tuntun wá, gíà onípele 4 tí kọ̀ǹpútà ń darí, wọ́n sì pè é ní Ultradrive. Ọ́ìlì tirẹ̀ lọ́tọ̀ ni wọ́n ṣe é fún. Ṣùgbọ́n Dexron ni ọ́ìlì tí ó wọ́pọ̀ nígbà náà, òun sì ni ọ̀pọ̀ ilé àtúnṣe ń dà sínú rẹ̀. Ọ́ìlì náà kò bá a lára mu. Gíà a máa gbọ̀n, àwọn ẹ̀yà tí ń di ara wọn mú a sì máa jóná díẹ̀díẹ̀. Bí kọ̀ǹpútà bá wá fura sí àléébù, a ti ọkọ̀ mọ́ orí gíà kejì, kí ẹni tí ń wà á lè rọra lọ sílé. Lójú onítọ̀hún, òjijì ni. Kọ̀ǹpútà ní tirẹ̀ ti ń ka iye ìgbà tí gíà ń yọ̀ kí ó tó ti ilẹ̀kùn.

Difẹrẹ́ńṣà àwọn ọkọ̀ Chrysler ìgbà náà tún ní àrùn tirẹ̀. Ọ̀pá irin kékeré kan wà nínú rẹ̀ tí àwọn eyín gíà kéékèèké ń yí lórí rẹ̀. Bí táyà kan bá rì sínú yìnyín tàbí ẹrẹ̀, tí ó ń yí láìrìn, tí èkejì sì dúró, àwọn eyín kéékèèké náà a máa yí lórí ọ̀pá náà pẹ̀lú eré àsápajúdé. Ooru a mú wọn, ọ́ìlì a gbẹ kúrò láàárín wọn, wọn a sì gán mọ́ ọ̀pá náà. Píìnì tí ó de ọ̀pá mọ́lẹ̀ a já, ọ̀pá a yọ síta, a sì lu ilé gíà ní ihò. Ọjọ́ tí ihò lu ni ọ́ìlì dà sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ pé láti ọjọ́ tí ọkọ̀ ti ń jà nínú ẹrẹ̀ ni ọ̀pá náà ti fara gbọgbẹ́.

Ilé-iṣẹ́ Honda náà jìyà ọ̀rọ̀ gíà lórí Odyssey. Fún àwọn ti ọdún 1999 sí 2001, wọ́n fi kún àkókò ìdánilójú gíà títí dé ọdún 7 tàbí máìlì 100,000. Ní ọdún 2004, wọ́n ní kí wọ́n dá ọkọ̀ bíi mílíọ̀nù 1.1 padà wá fún àyẹ̀wò ní Amẹ́ríkà, Odyssey ti ọdún 2002 sí 2004 sì wà lára wọn. Ooru lè mú gíà kejì ní àmújù títí eyín rẹ̀ yóò fi kán, gíà sì lè há lẹ́ẹ̀kan náà nígbà tí ọkọ̀ wà lórí eré. Àwọn tí kò tíì rìn púpọ̀, wọ́n ṣe ọ̀nà tuntun tí ọ́ìlì yóò fi máa fọ́n sí gíà náà lára. Àwọn tí ó ti rìn jìnnà, wọ́n yẹ̀ wọ́n wò bóyá ooru ti sọ irin wọn di aláwọ̀ mìíràn. Ọ̀fẹ́ ni gbogbo rẹ̀. Lẹ́tà ìkìlọ̀ a lọ bá ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé ọkọ̀, olúwarẹ̀ a sì gbé ọkọ̀ lọ fún àtúnṣe.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti kan ilẹ̀ Yorùbá. Ọkọ̀ tí ìdílé kan ní Amẹ́ríkà ti lò fún ọdún mẹ́wàá a wọ ọkọ̀ ojú omi, a gúnlẹ̀ sí èbúté Èkó tàbí ti Kútọnu. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2017, ìjọba Nàìjíríà ti ka gbígbé ọkọ̀ wọlé láti ẹnubodè orí ilẹ̀ léèwọ̀, síbẹ̀ àìmọye ọkọ̀ tí ó ti gba Kútọnu kọjá ṣáájú ìgbà náà ni ó wà lójú pópó. Ọkọ̀ a dé, ṣùgbọ́n lẹ́tà ìkìlọ̀ kì í wọ ọkọ̀ ojú omi. Ìwé tí wọ́n kọ ọjọ́ ìpààrọ̀ ọ́ìlì sí a wà nínú àpótí kan ní ìlú òyìnbó. Iná ìkìlọ̀ tí ń tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, ẹni tí ó fẹ́ tà á lè fi ẹ̀rọ pa á kí oníbàárà tó dé.

Orúkọ tí Yorùbá sọ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ sì kún fún ẹ̀kọ́. Tòkunbọ̀ ni orúkọ ọmọ tí wọ́n bí sí òkè òkun tí wọ́n sì gbé bọ̀ wálé. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá dé, àwọn àgbà ìdílé a béèrè ọjọ́ tí wọ́n bí i, ọ̀nà tí ó gbà wáyé, àìsàn tí ó ti ṣe é àti oúnjẹ tí kò bá a lára mu. Ọkọ̀ gba orúkọ ọmọ náà, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó bi í léèrè ìtàn rẹ̀. Ọ̀dà tí ń dán àti ẹ̀rọ amúlétutù tí ń fẹ́ atẹ́gùn ni wọ́n fi mọ ìwà rẹ̀.

Ní ìlú kan ní ìpínlẹ̀ Ògùn, wọ́n fi okùn wọ́ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì lówùúrọ̀ ọjọ́ Sátidé. Ìyá tí ó ni ín ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ ni ó fi rà á, kí ó lè máa gbé àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ lọ sí ilé-ìwé.

"Ọ̀gá, lójijì ni o," ni ìyá náà wí. "Ìjẹta yìí náà ni mo wà á dé Ìjẹ̀bú-Òde, kò sì ṣe nǹkan kan."

Mẹkáníìkì náà, tí ó lè jẹ́ ọmọ bíbí inú rẹ̀, kò bá a jiyàn. Ó fa ọ̀pá tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì gíà yọ, ó sì kán an sórí ìwé funfun. Ọ́ìlì tí ó yẹ kí ó pupa ti dúdú, ó ń rùn bí ohun tó jóná, irin wẹ́wẹ́ sì ń dán nínú rẹ̀ bí iyanrìn etí odò.

"Màmá, ẹ wò ó. Eléyìí ti pẹ́ díẹ̀ o. Ẹ má bínú, ṣé kì í lọ́ra kí ó tó gbéra tí ẹ bá ti fi sí D láàárọ̀?"

Ìyá náà ronú. "Ó máa ń ro ara rẹ̀ wò díẹ̀. Mo ní bóyá àgbà ti ń dé sí i bíi tèmi."

"Ìgbà wo ni wọ́n pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀ gbẹ̀yìn, mà?"

"Ẹni tó tà á fún mi ní kò nílò nǹkan kan."

"Ta ló ń lò ó kí ó tó dọ́wọ́ rẹ̀?"

Ìyá náà kò rí ìdáhùn sọ. Ó ń wo ìwé funfun náà bí ẹni ń ka èsì àyẹ̀wò ilé ìwòsàn. Ọ̀nà méjì ni mẹkáníìkì là sílẹ̀ fún un: kí wọ́n tú gíà palẹ̀ kí wọ́n sì tún un ṣe, tàbí kí wọ́n lọ ra gíà àlòkù mìíràn ní ọjà Ladípọ̀ ní Mushin. Èkejì ni owó rẹ̀ lè ká. Ṣùgbọ́n ó ṣe kedere pé gíà àlòkù náà tún ti òkun bọ̀, kò sì sí ẹni tí yóò sọ ìtàn tirẹ̀.

Àwọn kan lè sọ pé ẹni tí kò ní owó tuntun kò lè yan ohun tí yóò rà. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìbéèrè kò gbówó lórí. Ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà láti ọdún 1981 ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí ó jẹ́ lẹ́tà àti òǹkà 17, èyí tí ènìyàn lè rí láti ìta nísàlẹ̀ gíláàsì iwájú, ní ìhà ẹni tí ń wakọ̀. Láti ọdún 2014, àjọ ààbò ojú pópó Amẹ́ríkà, NHTSA, ti ṣí ojú ewé sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì níbi tí ẹnikẹ́ni ti lè tẹ nọ́ńbà náà, kí ó sì rí i bóyá ilé-iṣẹ́ pe ọkọ̀ náà padà tí wọn kò sì tíì tún un ṣe. Ìpè tí ó ti lé ní ọdún 15 lè má hàn níbẹ̀, nítorí náà ọkọ̀ àtijọ́ gba àyẹ̀wò ojú àti etí pẹ̀lú.

Ojú ni yóò wo àwọ̀ ọ́ìlì. Bí ó bá dà bí ògì pupa, omi rẹ́díétọ̀ ti lè wọ inú gíà. Etí ni yóò gbọ́ bí ọkọ̀ bá ń hu ní kọ́nà, tàbí tí ẹ́ńjìnì ń pariwo tí ọkọ̀ kò sì sáré tó ariwo rẹ̀. Kí táyà iwájú méjèèjì jẹ́ ìwọ̀n kan náà, kí difẹrẹ́ńṣà má baà máa ṣiṣẹ́ kọ́nà ní ojú ọ̀nà tí ó tọ́. Bí ọkọ̀ bá rì sínú ẹrẹ̀, kí wọ́n tì í. Kí wọ́n má fi agbára tẹ iná. Bí nǹkan bá sì fọ́ ní inú difẹrẹ́ńṣà, P tí ó máa ń di ọkọ̀ mú lè má dì í mú mọ́. Búrékì ọwọ́ àti òkúta ńlá lẹ́yìn táyà ni ó yẹ kí ó ṣáájú, kí ọmọ kankan tó sọ̀kalẹ̀.

Ẹni tí ó ra ọkọ̀ lónìí ni yóò tà á lọ́la. Ẹni tí ó bá pa iná ìkìlọ̀ kí ó lè tètè tajà ń sọ̀kò sọ́jà, Yorùbá sì ti sọ ẹni tí irú òkò bẹ́ẹ̀ máa ń bà. Ìwé kékeré kan, irú èyí tí ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ń lò, tó láti kọ ọjọ́ tí wọ́n pààrọ̀ ọ́ìlì, orúkọ ọ́ìlì tí wọ́n dà sí i, àti àléébù tí mẹkáníìkì rí. Bí ìwé náà bá ń bá ọkọ̀ lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́, ẹni tí ó bá rà á yóò mọ ohun tí ó gbé àwọn ọmọ rẹ̀ sínú rẹ̀.